Òkè tí Ìyá Àgbà Fọwọ́ Kàn

Bí òórùn òrí bá ta sí mi nímú nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham nílùú òyìnbó, mo máa ń dúpẹ́ fún ọ̀sán tí mo fi àwòrán Òkè Kùmórà han ìyá àgbà. Aládùúrà tó máa ń gbààwẹ̀ lórí òkè ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Nàìjíríà, wọn kò bá Mummy sọ̀rọ̀, torí pé a ti di ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì.

"Grandma, ibí ni áńgẹ́lì ti fi àwo wúrà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí han ọmọkùnrin kan."

Ìka wọn tí òrí ń dán lára rẹ̀ rọra gun òkè náà. "Ṣé ó bọ́ bàtà?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń padà lọ."

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ńṣe ni ìyá àgbà wá láti yọ wá kúrò nínú ìjọ ọ̀hún.

Wọ́n kọjú sí kíṣìnì, wọ́n pe Mummy. "O ò sọ fún mi pé ẹ ní orí òkè. Wá jókòó."

Mummy jókòó ti ìyá àgbà, ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn.