Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Fá Irùngbọ̀n Mi Dànù

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì Sẹ̀fíà ọmọ mi ní Ìsẹ́yìn.

Sẹ̀fíà ra ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ irin tí wọ́n ń ki réésọ̀ sí lórí fún mi, kí n fi tún etí irùngbọ̀n mi ṣe. Irùngbọ̀n ogún ọdún ni o! Òun ni gbogbo àdúgbò fi ń dá mi mọ̀.

"Bàbá, ẹ má tẹ abẹ yìí o. Ìwúwo rẹ̀ ti tó fá irun."

"Èmi tí mo fá orí ìkókó rẹ ni o fẹ́ kọ́ ní irun fífá?"

Mo po ọṣẹ, ó hó bo gbogbo ojú mi bí òwú. Mo wá tẹ abẹ náà bí a ti ń tẹ abẹ ìbílẹ̀. Nígbà tí mo ṣan ojú, yéè! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti dán bí àwo! Kí ni n óò fi ti òsì ṣe? Mo fá a tẹ̀lé e.

Ìyàwó mi wọlé, ó figbe ta: "Ta nìyí? Baba Sẹ̀fíà dà?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ààfáà pe baba ìyàwó. Mo dìde. Ó wò mí títí, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó, baba ìyàwó là ń pè." Kí wọ́n tó wá ẹlẹ́rìí méjì fún yìgì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá ẹlẹ́rìí méjì fún.