Ẹ̀rín Tí Aláyùn Rín Sínú Fóònù

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń bá ara wọn jà ni. Ẹnu ń lọ, ọwọ́ ń lọ, ìpéǹpéjú ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ariwo ayùn ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀ ìjà kọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ ni. Ẹni tó wà lápá ọ̀hún ẹ̀rọ á na ìka méjì, ẹni tó wà lápá ìhín á mi orí, pákó á sì jáde ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Wọ́n lè fi ẹnu lásán tí kò mú ohùn dání sọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn láìdáa, kí ọ̀gá náà dúró sẹ́yìn wọn, kó má sì mọ̀ pé ẹran òun ni wọ́n ń jẹ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Aláyùn. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń dúró ti ayùn ńlá. Irùngbọ̀n náà ti funfun báyìí. Ojú ló fi ń gbọ́rọ̀. Kó o tó la ẹnu tán, ó ti mọ ibi tí ò ń lọ, torí ó mọ bí ètè ṣe ń pàdé, ó mọ̀ ẹ́, ó sì mọ ohun tí irú ẹ máa ń sọ. Wọ́n ń yìn ín fún un. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó ṣì ń wo èèyàn lẹ́nu báyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ.

Etí Aláyùn ń lọ ni. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló ń yọ́ lọ bí àlejò tí kò fẹ́ dágbére. Ohun tó sì fi ń tan ara rẹ̀ jẹ ni pé kì í ṣe pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ń wọlé. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ tàbí obìnrin, bóyá ìbéèrè ni tàbí àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìró tín-ín-rín tó máa ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì, àwọn tó ń gba àárín eyín àti ètè jáde bí atẹ́gùn, àwọn yẹn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Aṣọ ń dé, kò sí bọ́tìnì lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n orí rán bọ́tìnì sí i.

Èmi ò sì ní torí pé èèyàn dáadáa ni kí n má sọ òótọ́: agídí wà níbẹ̀. Ó mọ̀. Ó kàn ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á gba ayùn lọ́wọ́ òun, wọ́n á fún òun ní ìgbálẹ̀. Nílé, ó máa ń jókòó síbi tí á ti rí ẹnu gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á rín tiẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná tí kò dáhùn, ìyàwó á bínú jáde, á ní, "Ẹ kúkú máa ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, Bàbá ọmọ. Orí kunkun yín ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Aláyùn á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é lólórí kunkun ju kí wọ́n pè é ní adití lọ.

Fóònù nìkan ló ń dà á láàmú, torí fóònù ò ní ètè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ sì jìnnà. Ìyá Kékeré ló ń pè é, torí pé ojú ìyá rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà gbé wáyé. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé ìyàwó máa ń bú wọn pọ̀. Tí Ìyá Kékeré bá pè, ẹ̀fẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ṣé bàbá òun ò tíì fi ayùn fá irùngbọ̀n ni? Aláyùn ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orin náà. Níbi tí ohùn bá ti gòkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Òun náà á rín in, á ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," á wá ní, "Ìyá ẹ rèé," á sì gbé fóònù fún ìyàwó. Ìyàwó ló máa wá ròyìn ohun tí wọ́n sọ. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún un pẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ìyàwó wà ní ṣọ́ọ̀bù, Aláyùn nìkan ló wà nílé. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí àwòrán ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ohùn náà wọlé, ó lọ sílẹ̀, ó dúró, ó gòkè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń já, ó ń so. Aláyùn mọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọmọ yìí débi pé ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ ọ́ jáde. Lòun náà bá ki ẹ̀rín bọlẹ̀, ẹ̀rín tí aládùúgbò gbọ́. "Ìyá Kékeré, wàá fẹ̀rín pa mí! Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ó dáa gan-an ni!" Fóònù dákẹ́. Aláyùn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ti lọ.

Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ já wọlé, gèlè lọ́wọ́, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, Aláyùn ò rí ẹnu rẹ̀. Ó ní láti dìde sún mọ́ ọn.

"Oyún ńlá tí ọmọ yín gbé ti bàjẹ́," ni ètè náà ń sọ. "Ẹ̀yin ló kọ́kọ́ pè kó tó pe èmi. Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ ní ó dáa. Kí lọmọ ṣe fún yín?"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rín náà kúkú jẹ́ bẹ́ẹ̀. Aláyùn la ẹnu, irọ́ ló jáde: "Èmi ò rẹ́rìn-ín." Ìyàwó kẹ́yìn sí i, ó wọ yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Aláyùn tẹ̀ lé e wọlé, ó ń retí kó yíjú. Nígbà tí ìyàwó wá yíjú, ó rí i pé ẹnu òun ni ọkọ òun tẹjú mọ́, bí ẹni tébi ń pa tó ń wo oúnjẹ.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Tó o bá kọjú sí mi," ni Aláyùn wí. Ó jókòó tì í, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó gbé ọwọ́ lérí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́; àmọ́ ti Aláyùn ò bá a dákẹ́, orí ọmọ ló lọ bẹ́ sí.

Ìyàwó pe ọmọ, ó ṣàlàyé. Ọmọ ò gbà. "Màmá, ẹ má gbè wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dáhùn." Aláyùn náà pè títí, kò gbé e. Bó tiẹ̀ gbé e, kí ni bàbá fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?

Ìyàwó ló wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń yẹ etí wò. Wọ́n fi nǹkan bò ó létí nínú yàrá kékeré kan tí kò sí ariwo. Obìnrin náà fi bébà bo ẹnu, ó sọ̀rọ̀, ó ní kó tún un sọ. Aláyùn ò lè sọ ìkankan. Obìnrin náà wá sọ bébà kalẹ̀. "Bàbá, kò sí etí tó ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọlé. Ìwọ̀nba ló ń kó wá, ọpọlọ ló ń fi ohun tó ti mọ̀ dí àlàfo. Gbogbo wa là ń ṣe é. Tiyín ló kàn pọ̀ jù."

"Ṣé ẹkún àti ẹ̀rín wá jọra ni?"

"Téèyàn bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú wọn, wọ́n jọra dáadáa. Èémí tó ń já ni méjèèjì."

Ó yẹ kí ìyẹn tù ú nínú. Inú rẹ̀ túbọ̀ bàjẹ́ ni. Èwo ni ọpọlọ òun fi dí àlàfo? Ẹ̀rín. Ní gbogbo ọdún tí ọmọ yìí fi ń pè é, kò ronú ọjọ́ kan pé ó lè gbé ẹkún wá bá òun. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí. Ìró bàtà àti abọ́ ń wọlé bí òjò orí páànù, ọ̀rọ̀ èèyàn sì wà láàárín wọn ní wúruwùru. Obìnrin náà ní kó ní sùúrù, pé ọpọlọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún un kọ́ ni. Aláyùn ò ní sùúrù. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé etí òun ti lọ, kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, ó sì wọkọ̀ lọ sílé ọmọ rẹ̀.

Ìyá Kékeré ṣílẹ̀kùn. Ó kí i, ilẹ̀ ló ń wò. Ó gbé omi fún un, ó yíjú sí fèrèsé, Aláyùn sì rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń sọ̀rọ̀.

"Jọ̀ọ́, kọjú sí mi," ló wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fún èmi, ibẹ̀ nìkan ló kù tó wà."

Ọmọ náà yíjú. Ó wò ó, ó wo ẹ̀rọ etí náà, ó wo bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ òun lẹ́nu. "Lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

"Mo rò pé ò ń rẹ́rìn-ín."

"Àtìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ìtìjú ni. Ìyá Kékeré, má bínú. Mi ò gbọ́ ohun tó o sọ fún mi. Tún un sọ. Bó ti wù kó gùn tó, n ò ní fò síwájú rẹ."

Ó fa àga sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kanra. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà: inú tó ń run ún, ọkọ rẹ̀ tó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ wò ó lójú. Aláyùn ń ka ètè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yé e, á ní, "Tún un wí," ọmọ á tún un wí, bẹ́ẹ̀ títúnwí náà sì ń dùn ún.

"Obìnrin ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n jẹ́ kó o gbé e?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣubú lé bàbá rẹ̀ láyà. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ níbẹ̀, ẹnu nínú bùbá, níbi tí ojú ò lè dé. Aláyùn ò gbọ́ ẹyọ kan. Kò ní kó gbórí sókè. Ó na ọwọ́ sétí, ó yọ ẹ̀rọ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ rẹ̀ mú bó ṣe ń gbọ̀n.