Lẹ́tà Méjì Lórí Géètì Kan

Bí mo ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Agbowó, lásìkò ìjọba ológun, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ọkọ mi ló máa ń lọ sípàdé. Lọ́jọ́ Sátidé kan tó rìnrìn àjò, ó ní kí n lọ jókòó dípò òun, kí wọ́n má baà sọ pé a kì í yọjú. Ayálégbé ni wá, láti Èkìtì la sì ti wá, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a túká, alága béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní tíṣà ni mí. Gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́. Mo ti délé kó tó yé mi pé wọ́n ti yàn mí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ géètì ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Olè ti wọ ilé alága, wọ́n sì fi àdá ṣá wọn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, ènìyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n fẹ́ kí a ri géètì mọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò, kí a máa tì í láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí káńsù láti gba àṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà wà lórí itan wọn, ìka méjì ò ká mọ́. Mo kọ lẹ́tà yẹn tọkàntọkàn. Mo ní ẹ̀rù ń ba àwa abiyamọ, òótọ́ sì ni, ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò fi wá bá mi. Opó ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà. Àwọn ló máa ń bá mi gbé ọmọ bí mo bá ń dáná.

"Tíṣà, bá mi kọ lẹ́tà kan."

"Sí ta ni, Àlàájà?"

"Sí káńsù. Òdìkejì géètì yẹn ni mọ́ṣáláṣí wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ là ń kírun àsùbáà. Ṣé kí n máa fo géètì ni?"

"Àlàájà, èmi mà ni akọ̀wé ẹgbẹ́."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá bá ẹ nìyẹn."

Mi ò lè kọ̀ fún wọn. Ohun tó rú mi lójú ni pé bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé aládùúgbò ló ń dá olè dúró, kì í ṣe irin. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ káńsù kan dé. Ó pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága, ó tẹ́ lẹ́tà méjèèjì sórí tábìlì.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo ní èmi ni.

"Èyí ńkọ́?"

Mo ní èmi náà ni.

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin gan-an, èwo lẹ fẹ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága mú lẹ́tà kejì, wọ́n kà á tán, wọ́n yíjú sí Àlàájà. "Ẹ ò sọ fún mi pé ibẹ̀ lẹ máa ń gbà lọ kírun."

"Ẹ ò bi mí." Àlàájà wo ọwọ́ alága. "Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ṣì máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú."

Òṣìṣẹ́ náà kó ìwé rẹ̀, ó ní kí a lọ yanjú ọ̀rọ̀ wa láàárín ara wa.

Wọ́n ri géètì náà, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni alága ń lọ, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń jí ṣí i fún àwọn tó ń lọ kírun. Mo ní kí wọ́n yọ mí nípò akọ̀wé, wọ́n kọ̀. Obìnrin méjì ní àdúgbò kò kí mi mọ́, wọ́n ní ẹlẹ́nu méjì ni mí. Àwọn mìíràn ń sọ pé kí n jáde dupò káńsẹ́lọ̀. Mo bi ọkọ mi bóyá ohun tí mo ṣe dára tàbí kò dára. Ó ronú títí ọbẹ̀ fi tutù níwájú rẹ̀, ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọ̀la.