Ẹsẹ Bíbélì Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Kà

Irọ́ ni wọ́n fi gba àárọ̀ Kérésìmesì lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n má wá lọ́jọ́ náà. Ó mọ ìdí rẹ̀: nínú ìsìn Kérésìmesì wa ní Sharjah, èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ka ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀, èmi ni wọ́n sì yàn láti ka ti Yorùbá. Kò tíì sẹ́ni tó kà á rí níbẹ̀. Mo ti lọ bùbá àti ṣòkòtò mi, mo fẹ́ jáde, ni fóònù dún.

"Yalla, máa bọ̀. Àwọn oníbàárà Èkó ń bọ̀ wá kó ẹrù."

"Ọ̀gá, ẹ ti fún mi láyè o."

"Khalas, ó tán. Bí o ò bá wá lónìí, má wá mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ni visa mi wà. Mo lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú ààwẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé Deira kì í jí láàárọ̀ Jímọ̀? Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ológbò nìkan ló yọjú. Ọ̀sán ni mo tó rí ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà, ó ń ti Jímọ̀ bọ̀.

"Ta ló ní a ń bọ̀ lónìí? Ọ̀la la bá ọ̀gá yín dá!"

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó délé. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé yàrá, Mùsùlùmí tó ń gbààwẹ̀, dúró ti ìkòkò ìrẹsì tó ń sè nítorí Kérésìmesì mi. Ó na ṣíbí sí mi.

"Àbúrò, bá mi tọ́ iyọ̀ wò. Wọ́n ti ti ẹnu tèmi pa."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ jẹun."

"Ta ní kóo jẹun? Tọ́ ọ wò. Tó bá níyọ̀ jù, ọrùn ẹ ló wà."

Iyọ̀ ò tó. Ẹ̀rín pa wá. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó fi èso dàbínù ṣínu, ó kírun, ó ní kí n gbé Bíbélì mi wá.

"Ka èyí tí wọn ò jẹ́ kóo kà. Èmi ni ìjọ."

Mo ka ti àwọn tí kò ráyè nínú ilé èrò. Ó ṣe "Àmín," ó bu ìrẹsì fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run látọkàn wá.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yẹn ò pa ìbéèrè mi. Wọ́n padà sọ fún mi pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe Yorùbá, kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, kí lẹ ní kí n wá ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ẹ dá mi lóhùn.