Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ikùn Ìgbòkun

Ohun tí gbogbo èbúté kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Ìyá Abẹ́rẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ni ti ọjọ́ tó gba ikùn ìgbòkun ọkọ rẹ̀ sínú.

Ìgbòkun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe atukọ̀, tẹ́ ẹ sí pálọ̀, ó sì jáde lọ ra okùn. Ìdíje ọkọ̀ tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ kejì kì í ṣe eré: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé erékùṣù tó wà lódìkejì omi ni ilé ìwòsàn ibẹ̀ yóò gbé iṣẹ́ kíkó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ-bọ̀ fún. Ẹni tó bá pàdánù, kó máa fi òpó ọkọ̀ rẹ̀ sá aṣọ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ aṣọ náà níhìn-ín, ọ̀hún wú. Ó tẹ ọ̀hún, ìhín wú. Lójú ẹni tó ti ń ránṣọ láti kékeré, aṣọ tí kò bá tẹ́jú, ẹni tó rán an ló jẹ̀bi.

"Ẹ gbà mí! Ta ló rán ràdàràdà yìí fún baálé mi?"

Ó tú ojú rírán rẹ̀, ó gba ikùn rẹ̀ sínú, ó rán an padà, ó sì lọ̀ ọ́ kanlẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa wọlé, ó ti ká a bí ìwé.

Láàárọ̀ ìdíje, atukọ̀ ta ìgbòkun, ó sì rí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri. Afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbòkun tó níkùn nìkan ló ń rí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbá mú. Àwọn yòókù ń kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé pátákó lẹ gbé kọ́ yẹn ni?"

"Ẹ kúkú sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa tì í!"

Ó ti ń ro bí yóò ṣe dá ìyàwó padà fún àwọn àna rẹ̀ nígbà tí ìjì dé láìkan ilẹ̀kùn. Ikùn ìgbòkun àwọn yòókù gba afẹ́fẹ́ yó, ó sì da ọkọ̀ wọn dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tirẹ̀ tó tẹ́jú jẹ́ kí àṣejù ìjì kọjá lọ, ọkọ̀ sì ń lọ ní ìdúró ṣánṣán. Òun ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀, omi kò kan ṣòkòtò rẹ̀.

Ó délé, ó gbìyànjú láti bínú.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìgbòkun mi?"

"Iṣẹ́ ńkọ́, ẹ rí i gbà?"

"Mo rí i gbà."

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun."

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́ ni ìjì ń jà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kéré, tí àwọn nọ́ọ̀sì jókòó sójú kan lórí omi títí ara wọn fi bó, atukọ̀ ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ìgbòkun ń fẹ́ ikùn, bó bá le, kí ikùn fà sínú.

"Ìyẹn ni pé ó ń lóyún, ó ń bí, lóòjọ́?"

Ó dá ìdajì ikùn náà padà. "Ìdajì tó kù, okùn ni yóò máa ṣe é. Èmi ni n ó sì máa fa okùn ọ̀hún, torí ẹ̀yin kò mọ aṣọ."

Bó ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn tí kò sọ̀ mọ́. Okùn tó ń na ìdí ìgbòkun gbọọrọ lórí ọ̀pá ìsàlẹ̀, ó sọ ọ́ ní Bẹ́líìtì. Èyí tó ń fa etí iwájú rẹ̀ wálẹ̀, ó sọ ọ́ ní Kọ́là, bí ọrùn ẹ̀wù. Ó so òwú pupa mọ́ etí ẹ̀yìn: bí òwú bá ń fò tààrà, aṣọ bá afẹ́fẹ́ mu, bó bá ká kò, a ti fún un jù. Dókítà àgbà kan tó sanra dáadáa lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ tẹ̀ sí.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sọ́hùn-ún. Mo ní okùn tí mo fi ń fa ikùn ìgbòkun; n kò ní ti yín."

Síbẹ̀, ọjọ́ tí òjò bo erékùṣù mọ́lẹ̀, tí òwú pupa kò ṣeé rí mọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pín okùn fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó pajú dé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀pá ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èémí ọmọ tó ń sùn.

"Kọ́là, fà á. Bẹ́líìtì, ó kù díẹ̀. Ó tó. Òkè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí."

Ìgbòkun dúró láàárín ìjì, ó tẹ́, ó dán, ó tẹ̀ díẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Atukọ̀ wò ó, ó wo obìnrin tó ti bá gbé láti ìgbà èwe. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti omi mọ́, ti ọjọ́ tí kò ní rí i nínú ọkọ̀ mọ́ ni.

Àìsàn ló mú Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí atukọ̀: bí kò bá ní lè ṣe é mọ́, kó wí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó ní òun á ṣe é. Ó gbé àwọn òṣìṣẹ́ náà ní òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ kò ju èémí lọ. Ó di ìtọ́kọ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di okùn mú lọ́wọ́ kejì, kò sì mọ ibi tí yóò dẹ̀ ẹ́ dé. Ìgbòkun rọ̀ jọwọlọ. Ọkọ̀ kò mira.

Nọ́ọ̀sì kan húkọ́. "Bàbá, ẹ dẹ̀ ẹ́ sí i."

"Ó ti tó," ni dókítà wí.

"Ta ló ní ó tó? Ṣé ẹ̀yin mọ aṣọ ni?" ni nọ́ọ̀sì náà dá a lóhùn.

"Ẹ fi ọrùn rẹ̀ náà sílẹ̀, Bàbá! Ẹ ń fún un pa!"

Ọkọ̀ dàrú. Oníkálukú ń pàṣẹ, oníkálukú ń bú ẹnìkejì rẹ̀, ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì fi ń sọ̀rọ̀. Ìgbòkun mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í níkùn. Omi ń ṣeré lábẹ́ ọkọ̀. Atukọ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń dẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bú u.