Ọwọ́ Mi Ló Kọ Orúkọ Wọn

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí fádà òyìnbó ní kí bàbá mi kọ orúkọ gbogbo ọkùnrin tó ń sọ Yorùbá ní àdúgbò wa ní Lomé. Katikíìsì ni bàbá mi. Òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, òun ló sì ń túmọ̀ ìwàásù láti èdè Faransé sí Yorùbá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, àwọn sístà tó ń kọ́ wa nílé ìwé sì máa ń yìn mí pé ìwé kíkọ mi dára. Bó ṣe di pé èmi ni mo kọ ọ́ nìyẹn.

"Bàbá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Kí Fádà lè mọ ẹni tí kò tíì wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí Àjíǹde tó dé ni."

A lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fún mi ní ẹ̀pà, wọ́n bù mí lómi mu. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ kọ́kọ́ lọ́ra, bàbá mi ní kí wọ́n má fòyà, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lásán ni. Mo kọ tiwọn náà. Mo fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Kọ ọ́ kó hàn dáadáa o, kí áńgẹ́lì má baà ṣì mí mọ̀."

Lẹ́yìn Àjíǹde, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn gáàdì kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú wa, dé. Mo rí ìlà pupa lórí ìwé tí akọ̀wé wọn mú dání: ìwé tí mo kọ ni. Wọ́n ń pe orúkọ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: àwọn ọkùnrin tó máa lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń là lọ sí apá àríwá. Bàbá Kékeré ń fá pákó lọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kó wọ ẹ̀wù.

Bàbá mi fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Fádà. Ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ la ti bá a.

"Fádà, ẹ ní ti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Kọmándà ló béèrè rẹ̀. Òun ló fún wa nílẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Kí ni kí n sọ?" Ojú òun náà pọ́n. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Òun ló gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ibà fẹ́ pa á. "Iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á padà."

Ilé ìjọ la ń gbé. Ilé ìwé ìjọ ni mò ń lọ. Bàbá mi di fìlà rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ ṣé, Fádà." Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fádà wàásù pé ká máa gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu. Bàbá mi ń ká fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò túmọ̀ rẹ̀. Fádà tún gbólóhùn náà sọ. Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó ṣe, mo lọ bá ìyàwó Bàbá Kékeré nídìí kànga.

"Ìyá Kékeré, èmi ni mo kọ orúkọ wọn."

"Ṣebí mo wà níbẹ̀," ló wí. "Bá mi gbé korobá yẹn."

Òjò ọdún méjì rọ̀ kí Bàbá Kékeré tó dé, ikọ́ ń bá a jà, ìka méjì sì ti gé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ò padà rárá. Bàbá Kékeré kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wá bá bàbá mi jẹun nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ òjò àti ti ẹja ni wọ́n máa ń sọ.

Mo ti dàgbà kí n tó béèrè lọ́wọ́ bàbá mi ìdí tí kò fi fẹjọ́ sùn, kó sì pa iṣẹ́ náà tì.

"Ta ni ǹ bá lọ fẹjọ́ Fádà sùn?" ló bi mí. "Kọmándà?"