Ẹni Tó Pọ̀n Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Láàárọ̀ àná, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé ọmọkùnrin mi ní Biétry, l'Abidjan níbí, mo ń wo omi ọ̀sà, ni mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná pé, "Músítáfà! Wá bá mi gbé nǹkan yìí!" Músítáfà tó ń pè yẹn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé kí ìyàwó yìí tó wọlé wa. Orúkọ gan-an ló pè é, gbangba, bí ẹni ń pe ọmọ tó bí. Músítáfà dáhùn, ó gbé nǹkan náà, ayé ò sì dàrú. N kò bá ìyàwó wí. Ọmọ dáadáa ni, ó ń fún mi lóúnjẹ lásìkò, ó sì ń gbọ́ Yorùbá mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Ó gbé mi padà sí àdúgbò Treichville, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó kú lọ́dún tó kọjá. Ká ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀ ni, bóyá ìlú rẹ̀ ni ì bá kú sí.

Màmá Àlàkẹ́ là ń pè é. Òun kọ́ ló bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mo bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, nítorí òun ló gbẹ̀bí ìyá mi nínú yàrá wa, nígbà tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbì kankan. Agbo ilé kan náà ni àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé nígbà yẹn. Yàrá yí àgbàlá po, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín, igi máńgòrò kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwa ọmọdé kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n. Àwọn bàbá wa a ti jí lọ sọ́jà pẹ̀lú abọ́, aṣọ àti bàtà rọ́bà. Àwọn ìyá wa a kù sílé pẹ̀lú iná, pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú ẹjọ́ ẹ̀rọ omi tí kì í tán. Màmá Àlàkẹ́ ló máa ń dá ẹjọ́ yẹn. Ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ ń dún, tó bá sì ń gún iyán, ògiri yàrá wa a máa mì. Ta ló jẹ́ bá a jiyàn?

Ohun tó máa ń pa àwa ọmọdé lẹ́rìn-ín ni ti àárọ̀. Bọ̀dá Làmídì, ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, á jáde ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Màmá Àlàkẹ́, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo àgbàlá, á ju ọwọ̀ sílẹ̀, á kúnlẹ̀ wọlẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Adúmáadán, ọkọ mi." Bọ̀dá Làmídì á ní, "Ìyàwó wa, ṣé o jí dáadáa?" Á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Bọ̀dá Làmídì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ọkọ ni wọ́n bí i sínú ilé náà. Gbogbo ẹni tó bá nílé ṣáájú rẹ̀, bó jẹ́ ọmọ ọmú, ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un, orúkọ ẹ̀yẹ, tí òun nìkan á máa pè é. Adúmáadán ni Màmá Àlàkẹ́ fún Làmídì.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, lábẹ́ máńgòrò, tí orí mi bá wà láàárín itan rẹ̀ tó ń dì í, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń jáde. Á ní nígbà tí wọ́n fi òun fọ́kọ, Adúmáadán ò tíì lè rìn. Àìsàn kan pa ìyá ọmọ náà, wọ́n sì gbé ọmọ náà lé ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ nílẹ̀ yìí wá ṣòwò, òun ló pọ̀n ọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sùn sí ọjà ọlọ́jà, wọ́n sì gba Gánà wọlé. "Aṣọ ìyàwó mi," á ní, "ìtọ̀ ọkọ mi ló kọ́kọ́ pa á láró." Á rẹ́rìn-ín títí òòyà á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Bọ̀dá Làmídì bá yọ lẹ́nu ọ̀nà lásìkò yẹn, á ti orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kúnlẹ̀. Èmi ọmọdé rò pé àgbàlagbà kì í mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni.

Nínú ìtàn wọ̀nyẹn, ibì kan wà tí kì í ti í rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ibi ọkọ̀, ó sì ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi padà. Ọmọdé ni, ó rò pé òótọ́ ni ìyá òun ń sọ, pé ó ṣì dúró síbẹ̀. Ọdọọdún ló ń ní, "Ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Oyún dé, ọjà kú, ọkọ kú, ogun dé sílẹ̀ yìí, ọdún tó ń bọ̀ ò sì dé. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ta ló sọ pé ó dùn?

Ó pẹ́ láyé. Ó sin ọkọ rẹ̀, ó sin ìyá mi àti bàbá mi, ó sin Bọ̀dá Làmídì fúnra rẹ̀, tó ti di Bàbá Làmídì, arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá. Ó sin gbogbo ọmọ tó bí. Wọ́n wó agbo ilé wa, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, Sàlíù ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò Siporex, sì gbé e sọ́dọ̀. Obìnrin gíga yẹn ti wá súnkì, ó ti kéré lórí ẹní bí ọmọdé. Àwọn Júlà àdúgbò ń pè é ní mùsòkóróbà, ìyá arúgbó, wọ́n sì ń wá wò ó. Ẹlòmíràn ní ó ti lé ní àádọ́fà ọdún. Àwọn kan ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọjọ́ ayé àwọn ọmọ rẹ̀ ló jẹ kún tirẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ láyé á jẹ ẹran tó tó erin. Irọ́ ni o. Òkú ọmọ ni Màmá Àlàkẹ́ rí.

Lọ́jọ́ kan ó pe Sàlíù, ó ní kó gbé òun lọ sílé kí òun lọ kú. Mùsùlùmí ni wá. Ibi tí ẹ̀mí bá ti bọ́ ni wọ́n ń sin èèyàn sí, kíákíá, a kì í gbé òkú kọjá ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi èémí ara rẹ̀ débẹ̀. Sàlíù ò jiyàn. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà.

Káàdì rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n wò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "née vers", ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí, ọdún náà sì jìnnà débi tí ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó ni káàdì yìí ti ní láti kú tipẹ́, pé bóyá ìyá mìíràn ló ń lò ó. N kò dá wọn lẹ́bi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ìwé òkú rìn. Wọ́n ní àwọn á wá ṣèwádìí. Ọkàn mi balẹ̀. Nínú gbogbo ilé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i láìsí àní-àní, Bàbá Làmídì, nítorí ọwọ́ dókítà òyìnbó ni ìyá rẹ̀ bí i sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sàlíù sì ti mú ìwé ìbí rẹ̀ lọ fún wọn. Ìyàwó ilé tó pọ̀n ọmọ yẹn, ṣé ó lè kéré sí i? Mo sọ fún Sàlíù pé ó ti bùṣe.

Ọkùnrin kan ló wá láti ọ́fíìsì, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràmátù. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá Ràmátù, Adjamé ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní "Tantie", bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, ó sì rọra jókòó ti Màmá Àlàkẹ́. Ó bi Màmá pé láàárín Màmá àti Bàbá Làmídì, ta ni ẹ̀gbọ́n?

Màmá Àlàkẹ́ ò lè dìde mọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, mo rí i tó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ lórí ẹní, tó ń wá ọ̀nà àtikúnlẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi ni wọ́n. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi."

Ràmátù túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ọkùnrin náà sì kọ ọ́. Mo fò dìde. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó túmọ̀ sí, mo ṣàlàyé bí ilé wa ṣe ń ka àgbà, mo sọ ti ọmọ tó pọ̀n láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó bi mí bóyá wọ́n ti bí mi nígbà yẹn. Mo ní rárá. Ó ní lẹ́nu ta ni mo ti gbọ́ ọ? Mo ní lẹ́nu Màmá Àlàkẹ́ náà. Ó ní ó dára, kó sọ ọ́ kí àwọn gbọ́.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n wọ́n wá."

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, iwájú àlejò ni n óò ti sọ pé mo ju ọkọ mi lọ?"

Mo ní tí kò bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kó lọ sílé.

Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ojú wo ni n óò fi wo ìyá mi tí mo bá délé?"

Ọ́fíìsì ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò bá káàdì rẹ̀ mu. Wọ́n ní ká mú ẹnì kan wá tí wọ́n jọ dàgbà, kó wá jẹ́rìí pé òun gan-an ni. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí wọ́n jọ dàgbà! Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú wọn, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú ẹsẹ̀. Ohun tó mú kí wọ́n má gbà á gbọ́ náà ni kò jẹ́ kó ní ẹlẹ́rìí.

Sàlíù lọ, ó bọ̀, títí ọyẹ́ fi dé. Màmá Àlàkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń béèrè bóyá ọkọ̀ ti dé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan, kò béèrè mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ Abidjan ti bò ó. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ fún ìwé ikú, Sàlíù wojú mi. Ohun tí ọ́fíìsì kọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Nínú ìwé yẹn, àbúrò Làmídì ni.

N kò sọ pé kí àwọn ìyàwó òde òní padà sórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀rín la fi ń wo ìkúnlẹ̀ yẹn lọ́mọdé, omijé sì wà nínú rẹ̀ tí wọn ò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ìwà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ kó tó jẹ́ kó wọkọ̀ ni kò jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo ti rò ó títí, n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Èmi náà, "née vers" ló wà lórí káàdì mi, ẹni tó sì gbà mí lọ́jọ́ tí mo wáyé ti lọ. Mo ní àbúrò ọkọ kan ní Adjamé. Ọmọ tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré ni nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, mo wẹ̀ ẹ́, mo fún un lóúnjẹ, n kò sì pè é lórúkọ rí. Bí ẹnì kan bá mú gègé wá lọ́la tó bi mí pé ta ni ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí n óò sọ, pé àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé mọ́ tí yóò lè sọ pé irọ́ ni mo pa.